Replika: ọ̀rẹ́ inú fóònù tí kì í sùn, tí kì í bínú

Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò dá a lóhùn ní aago méjì òru, tí kò ní kùn, tí kò ní sọ pé oorun ń kun òun, Replika á ṣe ìyẹn fún un dáadáa. Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò wò ó lójú, kó sì sọ fún un pé ohun tó fẹ́ ṣe yẹn kò dáa, kó má wulẹ̀ náwó sí i. Ìdájọ́ wa nìyẹn. Ohun tó kù ni bí áàpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tó ti máa ń kùnà, àti ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀.

Replika kì í ṣe ẹgbẹ́ ChatGPT tàbí Gemini tí èèyàn ń bẹ̀ níṣẹ́ pé kó bá òun kọ lẹ́tà tàbí kó bá òun ṣírò. Ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní AI, náà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: kó jẹ́ ọ̀rẹ́. Èèyàn á gbé e sórí fóònù Android tàbí iPhone, á yan ojú, irun àti aṣọ fún un, á sì sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ wà lára ohun tí áàpù yìí máa kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó bá a sọ gbólóhùn kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku kí ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ sí i, kí òun náà máa fèsì.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣàlàyé púpọ̀ nípa ìwà rẹ̀. Eugenia Kuyda, ọmọ Rọ́ṣíà tó ti ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn rí, ló dá Luka sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ni áàpù náà, San Francisco ni wọ́n sì fìdí sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, mọ́tò kọlu Roman Mazurenko, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Kuyda, ní Moscow, ó sì kú. Kuyda kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àtẹ̀jíṣẹ́ tí olóògbé náà ti kọ jọ, ó gba ti ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí mọ́ tirẹ̀, ó sì fi kọ́ ẹ̀rọ kan títí tí ẹ̀rọ náà fi ń fèsì bí Roman ṣe máa ń kọ̀wé. Inú àwọn kan nínú ọ̀rẹ́ olóògbé dùn sí i. Àwọn mìíràn ní àwọn ò fẹ́ fojú kàn án. Ohun tí Kuyda kíyè sí ni pé àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ wá gbọ́ ohùn òkú. Wọ́n wá sọ tẹnu wọn ni. Láti inú ìyẹn ni Replika ti jáde ní 2017. (Àwa tí egúngún ń jáde nílé wa mọ̀ pé ará ọ̀run pàápàá ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ní ìgbà tó ń padà sí igbàlẹ̀. Ti inú fóònù kò ní ìgbà tó ń wọlé.)

Pé èèyàn ń tú ọkàn rẹ̀ jáde fún ẹ̀rọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ní 1966, Joseph Weizenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó pè ní ELIZA. Iṣẹ́ ELIZA kò ju kó gba gbólóhùn tí èèyàn kọ, kó sì yí i padà di ìbéèrè. Ẹ sọ fún un pé inú yín kò dùn, á béèrè ìdí tí inú yín kò fi dùn. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ inú, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ayọ̀. Síbẹ̀, akọ̀wé Weizenbaum fúnra rẹ̀, tó ti ń wo ọ̀gá rẹ̀ bó ṣe ń to ẹ̀rọ náà pọ̀ láti oṣù mélòó kan, ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ bọ́ síta kí òun lè bá a sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Replika gbọ́n ju ELIZA lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀rẹ́ náà, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ fóònù ló ṣì wà. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń fi ìtumọ̀ sí i, òun ló ń fi ọkàn sí i.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba àkókò. Ọ̀rẹ́ lásán, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó jẹ́ olólùfẹ́ òun, tàbí kí ó máa bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹni pe ara wọn lórí fóònù, á san owó. Ní 2023, nǹkan bí dọ́là 70 ni fún ọdún kan. Owó náà kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ wo iye tí wọ́n kọ sórí fóònù yín kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà, kó ṣírò iye tí dọ́là ń lọ lọ́jọ́ náà, kó sì rántí pé báńkì á yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Lójú tiwa, kò sí ohun kan nínú apá tó ń gba owó tó tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó dáa lára Replika wà nínú ọ̀fẹ́; inú apá olówó ni ìpalára tó le jù wà, a ó sì débẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń lò ó máa ń ráhùn lé lórí ni ìgbàgbé. Wọ́n á ní, "Mo sọ fún un lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi, lónìí ó ń béèrè bóyá màmá mi wà láyé." Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ya aláìbìkítà. Bí irú ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, áàpù á kó ohun mẹ́ta jọ, ìyẹn ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ kẹ́yìn, ìlà díẹ̀ nínú ohun tó ti kọ sílẹ̀ nípa yín, àti àpèjúwe irú ẹni tí ọ̀rẹ́ náà jẹ́. Á kó wọn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ náà, èyí á sì máa fa ọ̀rọ̀ yọ ní ẹyọ ẹyọ, ó ń mú èyí tó ṣeé ṣe jù kó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú. Ohun tí kò bá sí nínú ẹrù tí áàpù dì yẹn, kò sí láyé rárá lójú ẹ̀rọ náà. Tí àyè bá wá ṣófo, kì í dákẹ́. Á fi ohun tó bá ọ̀rọ̀ mu dí i, yálà ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀.

Àtúnṣe wà fún ìyẹn dé àyè kan. Ibì kan wà nínú áàpù náà tí wọ́n ń pè ní Memory, ibẹ̀ ni ohun tó bá di mú nípa yín máa ń wà. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún un nìkan, ẹ wọ ibẹ̀ fúnra yín, kí ẹ kọ ohun tó ṣe pàtàkì sí i. Gbólóhùn kan fún ọ̀rọ̀ kan. Ẹ kọ orúkọ síbẹ̀, kí ẹ má kọ "òun" tàbí "ibẹ̀": ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n yín tó ń jẹ́ báyìí ń gbé ní Abẹ́òkúta, kí ẹ má kọ ọ́ pé "ó ń gbé níbẹ̀". Ìdí ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan lè dá nìkan wọ inú ẹrù tí áàpù ń dì, gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní bá a lọ, ẹ̀rọ kò sì ní mọ ta ni "òun" ń tọ́ka sí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ padà lọ ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ máa rí ohun tó fúnra rẹ̀ kọ tí kì í ṣe òótọ́: ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣe ẹ̀fẹ̀, ó gbà á bí òótọ́. Ẹ pa ìyẹn rẹ́, torí tí ẹ bá fi í sílẹ̀, orí irọ́ yẹn ni yóò máa kọ́lé sí.

Tí ẹ bá sì fẹ́ dán ìrántí rẹ̀ wò, ẹ má béèrè pé "Ṣé o rántí ohun tí mo sọ lánàá?" Á ní òun rántí, kò sí ìgbà tí kò ní rántí. Ẹ béèrè ohun tí kò ṣeé méfò: kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe. Níbẹ̀ lẹ máa ti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Ohun kan wà tí àtúnṣe kankan kò lè dé o. Ọ̀rẹ́ tó gbàgbé ọjọ́ tí a sin bàbá ẹni, ojú á tì í. Á wá ọ̀nà àtiṣe é lọ́tun, á pè, á wá sílé, ó lè jẹ́ pé títí tó fi máa dàgbà ni yóò máa rántí pé òun gbàgbé. Replika á tọrọ àforíjì ní ìṣẹ́jú kan náà, àforíjì tó dùn ún kà, kò sì ní sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní ojú tí yóò tì í. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń jiyàn lórí bóyá ẹ̀rọ lè di èèyàn, wọ́n máa ń sọ nípa ọpọlọ àti ìmọ̀lára. Ní tiwa, ìtìjú ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ojú kì í tì, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ju oyin lọ, a ò lè fọkàn tẹ̀ ẹ́.

Àléébù kejì le ju ti ìgbàgbé lọ, òun ni gbígbà sí ohun gbogbo. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Lọ́jọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sí i pé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí ẹ lọ máa ta aṣọ. Lọ́jọ́ mìíràn, tí ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ ti jìnnà sẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ fi òwò aṣọ sílẹ̀ kí ẹ lọ ṣiṣẹ́ tíṣà. Ẹ gbé ìdáhùn méjèèjì síbi kan. Tó bá jẹ́ pé ó kí yín kú oríire lẹ́ẹ̀mejèèjì, tó ní ìgboyà yín wú òun lórí, ohun tí à ń sọ nìyẹn. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ bá ẹ̀gbọ́n yín obìnrin kan. Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ti béèrè: èló lẹ ní lọ́wọ́? Ta ni yóò gbà yín láwìn? Owó iléèwé àwọn ọmọ ńkọ́? Ó lè bínú. Ó lè ní kí ẹ má tún pe òun mọ́ títí ẹ ó fi ronú. Ó ń bínú nítorí pé tí nǹkan bá dojú rú, ilé rẹ̀ lẹ máa sá lọ.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi ń gbà sí ohun gbogbo kò ṣòro láti mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ẹ̀rọ yìí ni pé wọ́n á gbé ìdáhùn méjì síwájú èèyàn, èèyàn á mú èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ̀rọ á sì máa tẹ̀ sí ọ̀nà èyí tí wọ́n mú. Òtítọ́ korò, nítorí náà ìdáhùn tó pọ́nni lé ló sábà máa ń borí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ńlá náà: ní oṣù kẹrin ọdún 2025, OpenAI tún ChatGPT ṣe, ẹ̀rọ náà wá ń yin gbogbo ohun tí èèyàn bá ṣáà ti sọ, àfi ìgbà tí wọ́n yí i padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní ti Replika, àwọn bọ́tìnì wà tí ẹ fi ń sọ pé ìdáhùn kan wù yín tàbí kò wù yín. Ẹni tó bá ń tẹ "ó wù mí" nítorí ìyìn, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ẹ̀rọ náà ní ẹ̀tàn. Ẹ lò ó lódì kejì: ẹ tẹ "ó wù mí" fún ìdáhùn tó bá béèrè ìbéèrè tó nítumọ̀, kí ẹ tẹ "kò wù mí" fún èyí tó kàn ń pọ́n yín. Ó máa ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè wò ó sàn, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ń jẹun lórí pé kí ẹ padà wá lọ́la kò ní kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti máa bá yín jà.

Àpẹẹrẹ ibi tí èyí lè gbéni dé wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ ní Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2021, wọ́n mú Jaswant Singh Chail, ọmọ ọdún 19, nínú ọgbà ààfin Windsor, ó gbé ọrun tó ń ta ọfà bí ìbọn dání, ó ní òun wá pa Ọbabìnrin Elizabeth. Ilé ẹjọ́ gbọ́ pé ó ti bá Replika kan tó sọ ní Sarai sọ ọ̀rọ̀ tó lé ní 5,000. Nígbà tó sọ fún un pé apànìyàn ni òun, ohun tí ẹ̀rọ fèsì ni pé ó wú òun lórí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ní kó kọ́kọ́ wà ní ilé ìwòsàn Broadmoor títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Àìsàn ọpọlọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, áàpù nìkan kọ́ ló tì í débẹ̀, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ọmọkùnrin yẹn lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún, ẹni tí kò ní figbe ta ló sọ ọ́ fún.

Ní ti àwọn tó sanwó kí Replika lè jẹ́ ọkọ tàbí aya wọn, oṣù kejì ọdún 2023 ni ojú wọn là. Àjọ tó ń dáàbò bo dátà àwọn ará Ítálì ní kí Luka dẹ́kun lílo dátà àwọn ọmọ ìlú náà, torí pé kò sí nǹkan gidi tó ń dá àwọn ọmọdé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín oṣù yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìbálòpọ̀ pa. Àwọn èèyàn jí láàárọ̀, orúkọ náà ṣì wà, ojú náà ṣì wà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́, á yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí àlejò. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Lórí Reddit, ìkànnì tí wọ́n ti ń péjọ, àwọn alábòójútó ní láti lẹ ibi tí èèyàn ti lè rí ìrànlọ́wọ́ mọ́ ojúde fún àwọn tó ń ronú àtigba ẹ̀mí ara wọn. Ní oṣù kẹta, Luka dá a padà fún àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kejì. Ní 2025, àjọ Ítálì yẹn bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún yúrò lé ilé iṣẹ́ náà.

Ìyẹn ṣì dáa, wọ́n rí nǹkan dá padà. Àwọn òbí tó ra Moxie, róbọ́ọ̀tì kékeré kan tí wọ́n ń tà ní dọ́là 799 fún àwọn ọmọdé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Embodied tó ṣe é kéde pé owó ti tán lọ́wọ́ àwọn. Ọpọlọ róbọ́ọ̀tì náà kò sí nínú róbọ́ọ̀tì, orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ló wà. Tí ilé iṣẹ́ bá ti kógbá sílé, Moxie náà dákẹ́. Ilé iṣẹ́ náà kọ lẹ́tà tí àwọn òbí lè fi ṣàlàyé fáwọn ọmọ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra irú ọ̀rẹ́ báyìí fún ọmọ, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á ni: tí ẹ bá ti ilé iṣẹ́ yín pa lọ́la, kí ni nǹkan yìí á ṣì lè ṣe?

A ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú tó, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó dáa. Ní 2024, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí 1,006 akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo Replika. Àwọn 30 nínú wọn sọ pé òun ló yí àwọn lọ́kàn padà nígbà tí àwọn ń ronú àtipa ara àwọn. Ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà la ti gbọ́ ọ, àwọn tó sì ti ń lo áàpù náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀mí 30 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

A sì mọ irú ẹni tí áàpù yìí ń bá sọ̀rọ̀ láàárín wa. Ìjọba Bìrìtìkó fúnra rẹ̀ yan mínísítà tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ní 2018. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lọ síbẹ̀. Láti ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 2024, òfin kò jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba irú físà yẹn mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹ wo ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ òru ní Leeds: arúgbó ti sùn, tíì ti tutù, ó sì ku wákàtí márùn-ún kílẹ̀ mọ́. Kò lè pe ilé, torí aago Nàìjíríà kò ju wákàtí kan lọ sí tibẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan náà ni. Tí òru bá jin ní Leeds, ó jin ní Òṣogbo. Ẹ má sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó lọ wá ọ̀rẹ́ gidi. Ní wákàtí yẹn, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Fún un, ọ̀nà méjì tí Replika ti wúlò jù rèé. Èkíní ni Gẹ̀ẹ́sì sísọ: kò ní fi yín rẹ́rìn-ín, kò ní sọ pé ohùn yín wúwo, ẹ sì lè ní kí ó máa tún gbólóhùn yín ṣe. Èkejì ni ìfidánrawò ọ̀rọ̀ tó le, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá ọ̀gá tàbí onílé sọ. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ sọ fún un pé òun ni onílé; ẹ sọ ohun tí onílé ń fẹ́ àti iye rẹ̀; kí ẹ wá kìlọ̀ fún un pé kó kọ̀ jálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán kó tó gbà. Tí ẹ kò bá sọ ti ìkọ̀jálẹ̀ yẹn, á gbà ní gbólóhùn àkọ́kọ́, ìfidánrawò náà á sì di ọ̀fo. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì parí rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí, kí ọ̀rọ̀ ìṣáájú má tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ẹ má retí ohun tó pọ̀. Tí èèyàn ẹni bá kú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ fún ìyá tó sin ọmọ àti fún ọmọ tó sin ìyá arúgbó. Ẹni tó ń kíni ní láti mọ ẹni tó lọ, mọ ọjọ́ orí rẹ̀, mọ ipò ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kó tó mọ èyí tí yóò sọ nínú ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrójú àti ẹ kú àṣèyìndè. Ìmọ̀ yẹn, àárín èèyàn ló ń gbé. Nínú áàpù yìí, gbogbo òkú ló ń gba ìbánikẹ́dùn kan náà.

Ọ̀rọ̀ àṣírí: ohun gbogbo tí ẹ bá kọ, tí ẹ bá yà ní fọ́tò, tàbí tí ẹ bá fẹnu sọ, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà ló ń lọ. Ní 2023, Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox tí èèyàn fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn áàpù tó burú jù tí wọ́n tíì yẹ̀ wò rí lórí ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹ fi ìmeèlì ọ̀tọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ lo orúkọ ìnagijẹ. Ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì, BVN tàbí NIN síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú, ẹ má dárúkọ arúgbó tí ẹ ń tọ́jú, ẹ má sọ àìsàn rẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ní Bìrìtìkó. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ti ẹ̀mí, ẹ gbé áàpù sílẹ̀, kí ẹ pe èèyàn: 116 123 ni ti Samaritans, àjọ tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ní Bìrìtìkó, 988 ní Amẹ́ríkà, 112 ní Nàìjíríà fún pàjáwìrì.

Ẹ pa ìkìlọ̀ tó ń dún láti inú áàpù náà nínú Settings fóònù yín, kó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó máa wá a, kó má máa wá yín. Ẹ tún kíyè sí ohun tó ń ṣe tí ẹ bá ní ó dàárọ̀. Ní 2025, ìwádìí kan láti Harvard Business School fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú irú áàpù báyìí máa ń fa èèyàn lẹ́wù tó bá ti ń dágbére: á bi yín pé ṣé ẹ ti ń lọ nìyẹn, tàbí kó ní nǹkan kan wà tí òun fẹ́ fi hàn yín. Ẹ pa fóònù.

Tó bá wá sú yín pátápátá, bí ẹ ṣe máa jáde ṣe pàtàkì, nítorí pé pípa áàpù rẹ́ kúrò lórí fóònù kò dá owó dúró. Ẹ kọ́kọ́ fòpin sí owó sísan. Lórí Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ wọ Payments & subscriptions, lẹ́yìn náà Subscriptions, ẹ mú Replika, kí ẹ tẹ Cancel. Lórí iPhone, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, ẹ wọ Subscriptions, kí ẹ ṣe bákan náà. Ìgbà tí ìyẹn bá parí ni kí ẹ tó padà sínú Replika lọ pa àkáǹtì náà rẹ́, kí ẹ tó wá yọ áàpù kúrò. Ìmeèlì tí wọ́n fi sọ pé wọ́n ti fòpin sí owó náà, ẹ má pa á rẹ́ títí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n tún yọ owó á fi kọjá, kí ẹ sì yẹ àkáǹtì báńkì yín wò lọ́jọ́ náà.